Bí A Ṣe Ń Yan Hitch Tó Lágbára fún Píkọ́ọ̀pù Tó Ti Dàgbà

Ẹni tó bá fẹ́ ra hitch, ìyẹn irin tí a fi ń so tírélà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, fún píkọ́ọ̀pù ògbólógbòó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ sára irin tuntun náà. Ó rí i pé ó lè fa ìwọ̀n 10,000 pọ́ùn, inú rẹ̀ dùn, ó sanwó. Bẹ́ẹ̀ irin tuntun yẹn kò lè dá fa nǹkan kan. Ṣasí, ìyẹn egungun irin abẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n máa dè é mọ́, ló máa gba gbogbo ìyà náà, ṣasí ọ̀hún sì lè ti lo ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún nínú òjò, ẹrẹ̀ àti iyọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ́kọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ kí n tó wo hitch kankan.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ wa lọ́wọ́: tírélà tí mò ń sọ níbí kì í ṣe ọkọ̀ ńlá elẹ́sẹ̀ púpọ̀ tí a ń rí lójú títì. Èyí tí kò ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ni, tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù láti fi kó ẹran ọ̀sìn, ọkọ̀ ojú omi, katakata tàbí ẹrù mìíràn. Receiver hitch sì ni irin ìdábùú tí a fi bóòtì dè mọ́ abẹ́ ṣasí lẹ́yìn, tó ní ẹnu onígun mẹ́rin láàárín. Apá irin kan ló ń wọ ẹnu yìí, píìnì á gba inú àwọn méjèèjì kọjá, bọ́ọ̀lù á jókòó sórí apá náà, orí tírélà á wá bo bọ́ọ̀lù náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ìwọ̀n ohun tí ẹ fẹ́ fà

Ìwọ̀n tírélà lófìfo kò wúlò fún wa. Ohun tí a ń wá ni ìwọ̀n rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kún jù lọ, pẹ̀lú ẹrù, okùn, táyà ìpamọ́ àti omi. Omi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Lítà kan jẹ́ kílò kan, nítorí náà táǹkì omi 500 lítà ti di 500 kílò kí a tó ka irin tí a fi ṣe táǹkì náà. Tí òṣùwọ̀n ọkọ̀ bá wà nítòsí, ẹ gbé tírélà náà lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n.

Nọ́ńbà kejì tí ẹ nílò ni ìwọ̀n ọrùn, ìyẹn bí orí tírélà ṣe ń tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ tó. Ó yẹ kó wà láàárín ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tírélà àti ẹrù rẹ̀. Tírélà tó bá jẹ́ 3,000 kílò, kí ọrùn rẹ̀ tẹ hitch pẹ̀lú 300 sí 450 kílò. Tó bá fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí tírélà á máa jù sọ́tùn-ún sósì bí ẹ bá ti ń sáré, yóò sì fẹ́ darí ẹ̀yin àti ọkọ̀ yín. Tó bá wúwo jù, ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù á rì, iwájú á gbéra, ọwọ́ ìdarí á fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, iná iwájú á sì máa tàn sójú ọ̀run lálẹ́.

Òṣùwọ̀n kékeré tí ènìyàn ń dúró lé nínú ilé tó láti fi wọ̀n ọrùn. Ẹ fi òkúta há táyà tírélà kó má baà yí, kí ẹ rí i pé ilẹ̀ tẹ́jú. Ẹ wá pákó tó nípọn, tó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ díẹ̀. Ẹ gbé orí kan rẹ̀ lé òṣùwọ̀n, orí kejì lé bíríkì tó ga bákan náà, kí ẹ fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ pákó lápá méjèèjì kó lè hàn kedere ibi tó ti fara lé. Àlàfo láàárín ọ̀pá méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta gééré. Ẹ kọ ohun tí òṣùwọ̀n kà sílẹ̀ nígbà tí pákó nìkan wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ orí tírélà kalẹ̀ sórí pákó níbi tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan sí bíríkì, méjì sí òṣùwọ̀n. Ẹ yọ ìwọ̀n pákó kúrò, kí ẹ sọ ìyókù di ìlọ́po mẹ́ta. Bí òṣùwọ̀n bá fi 110 kílò hàn lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ti pákó, ìwọ̀n ọrùn yín jẹ́ 330 kílò. Ìdá mẹ́ta péré ni òṣùwọ̀n ń gbé nínú ẹrù náà, bíríkì ló ń gbé ìyókù, ìdí nìyẹn tí òṣùwọ̀n kékeré kò fi ní fọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ béèrè ohun tí píkọ́ọ̀pù náà lè gbà

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ wo etí rẹ̀ tàbí òpó tí ilẹ̀kùn ń tì mọ́. Ẹ ó rí bébà kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. GVWR tó wà níbẹ̀ ni ìwọ̀n tí ọkọ̀ náà àti gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá. GAWR ni ti áásù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn irin tó so táyà ọ̀tún àti òsì pọ̀, ti ẹ̀yìn ló sì kàn wá jù. GCWR ni ti ọkọ̀ àti tírélà pa pọ̀, inú ìwé ìtọ́jú ọkọ̀ ni ẹ ó ti sábà rí i.

Bébà yìí lè ti bọ́ lára ọkọ̀ àgbà, tàbí kí wọ́n ti kun ọ̀dà bò ó, tàbí kó jẹ́ pé ilẹ̀kùn náà gan-an ti ara ọkọ̀ mìíràn wá. Ẹ wá VIN nígbà náà, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù lábẹ́ gíláàsì iwájú. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1981 wá máa ń ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Ìwé ìtọ́jú tó bá ọdún, ẹ́ńjìnnì, gíà àti eyín áásù (eyín irin inú áásù tó ń yí táyà) ọkọ̀ yín mu ló lè sọ òótọ́ fún yín. Píkọ́ọ̀pù méjì lè jọra bí ìbejì níta, kí ọ̀kan lè fa ìlọ́po méjì ohun tí èkejì ń fà, nítorí eyín áásù nìkan tàbí nítorí gíà.

Ẹ wá ṣírò yìí kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ká sọ pé àyè ẹrù tó kù lórí píkọ́ọ̀pù yín, ìyẹn GVWR lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ìwọ̀n ọkọ̀ lófìfo kúrò, jẹ́ 700 kílò. Èèyàn mẹ́ta jókòó síwájú, ó di 240. Àpótí irinṣẹ́ jẹ́ 100. Ìwọ̀n ọrùn tírélà tí a wọ̀n lẹ́ẹ̀kan jẹ́ 330, nítorí orí ọkọ̀ ló ń bọ̀, kì í ṣe orí tírélà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 670. Ọgbọ̀n kílò ló kù, a kò sì tíì ka hitch fúnra rẹ̀, èyí tó wúwo tó láti gbé ọgbọ̀n yẹn lọ.

Nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ kọ, ti ọjọ́ tí ọkọ̀ wà ní tuntun ni o. Sípíríìnì tó ti rẹ̀, bíréèkì tó ti jẹ tán àti ẹ̀rọ ìtutù gíà tó ti dí kò sí nínú ìṣirò wọn. Èmi máa ń dín in kù fún ọkọ̀ tó bá ti dàgbà, n kì í sì í tijú láti sọ pé ó ti tó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀

Ẹ má fi jáàkì nìkan gbé e kí ẹ sì sùn sábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ irin tó dúró ṣinṣin, kí ẹ há táyà iwájú. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà, hámà kékeré àti sukudiráfà tó gùn dání.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí sípíríìnì ẹ̀yìn ti so mọ́ ṣasí, kí ẹ máa lọ sẹ́yìn títí dé bọ́ńpà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha ẹrẹ̀ àti ọ̀dà dúdú kúrò. Ọ̀dà dúdú tuntun lábẹ́ ọkọ̀ àgbà máa ń mú mi fura; ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀ ló sábà máa ń ní àyè láti kùn ún. Ẹ wá fi hámà kan irin náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń lọ. Irin tó yè á dún kangó, ohùn rẹ̀ á sì pẹ́ díẹ̀ létí. Ibi tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́ láti inú á dún gbì bí ẹni kan páálí, nígbà mìíràn ẹ̀pá ìpẹtà á já bọ́ sí yín lójú, nítorí náà ẹ wọ awò. Níbi tó bá ti dún bẹ́ẹ̀, ẹ fi sukudiráfà gún un tagbáratagbára. Tó bá wọlé, ọ̀rọ̀ hitch ti parí fún ìgbà yìí. Ṣasí náà ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, tàbí kí ẹ wá ọkọ̀ mìíràn fà á.

Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù àgbà ló ní ṣasí tí ẹ̀yìn rẹ̀ là sílẹ̀ lápá kan bíi lẹ́tà C. Inú C yìí, ní ìsàlẹ̀, ni ẹrẹ̀ máa ń kó sí tí kì í gbẹ. Èyí tó dé pa gbogbo ara rẹ̀ bí àpótí tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀: inú rẹ̀ ló máa ń jẹ nígbà tí ìta ṣì ń dán. Ẹ wo àyíká gbogbo ríbẹ́ẹ̀tì àti ihò bóòtì bóyá irin ti ya bí irun orí. Ẹ wò bóyá ẹnì kan ti lu ihò síbẹ̀ rí, tàbí ti jó irin mọ́ ọn. Ihò àtijọ́ tó bá sún mọ́ ihò tuntun á sọ ibẹ̀ di bébà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ohun tó ti gba àyè. Táyà ìpamọ́ máa ń so rọ̀ lábẹ́ ibẹ̀. Páìpù èéfín máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn Ford F-150 kan láti ọdún 1980 sí 1996 ní táǹkì epo kejì lẹ́yìn áásù, láàárín apá ṣasí méjèèjì gan-an, níbi tí hitch fẹ́ jókòó. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ lu ihò nítòsí táǹkì bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ wọn gbogbo rẹ̀ kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: àlàfo láti ìta ṣasí kan sí ìta èkejì, láti ìdí ṣasí dé táǹkì, láti ilẹ̀ dé abẹ́ bọ́ńpà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ mú ìwọ̀n hitch

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Class ni wọ́n fi ń pín hitch sí ìpele gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀. Class I àti II ní ẹnu íǹṣì kan àti ìdá mẹ́rin, wọn kì í sábà kọjá 2,000 àti 3,500 pọ́ùn. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, a kò wá wọn lónìí. Class III ní ẹnu íǹṣì méjì, ó sì máa ń dé nǹkan bí 8,000 pọ́ùn, ìyẹn 3,600 kílò. Class IV náà ní ẹnu íǹṣì méjì, á dé 10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Class V lè ní ẹnu íǹṣì méjì tàbí méjì àbọ̀, ọkọ̀ tó wúwo ni wọ́n sì ṣe é fún.

Èmi máa ń mú èyí tó fi ìpele kan péré ga ju ohun tí mo nílò. Ẹni tó bá so Class V mọ́ píkọ́ọ̀pù kékeré kò sọ ọkọ̀ rẹ̀ di alágbára, ó kàn fi irin wúwo kún un ni. Nínú ṣasí, áásù, hitch, apá, bọ́ọ̀lù àti orí tírélà, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù ló ni àṣẹ. Bí bọ́ọ̀lù bá jẹ́ ti 6,000 pọ́ùn, 6,000 ni gbogbo yín.

Ẹ ka bébà tó wà lára hitch dáadáa, nítorí ìlà méjì ló máa ń wà níbẹ̀. Ìlà kan ni ti ẹrù tó ń tẹ bọ́ọ̀lù tààrà. Èkejì, tó sábà máa ń ga jù, ni ti ìgbà tí a bá lo irinṣẹ́ tó ń pín ìwọ̀n ọrùn lọ sí áásù iwájú àti ti tírélà, èyí tó ní ọ̀pá sípíríìnì méjì tí a ń fà lé ọrùn tírélà. Ìlà tó ga yìí ni àwọn tó ń tà á fẹ́ràn láti kà fún ènìyàn. Tí ẹ kò bá ní irinṣẹ́ yẹn, ìlà àkọ́kọ́ ni tiyín.

Ẹ yẹra fún irin tí wọ́n fi ń fa apá gùn. Bí bọ́ọ̀lù bá ṣe jìnnà sí ṣasí tó ni ìnira tó ń bá hitch ṣe ń pọ̀ tó, agbára rẹ̀ sì lè dín kù dé ìdajì. Ihò bọ́ọ̀lù tó wà lórí bọ́ńpà àtijọ́ ńkọ́? Fún ẹrù fífúyẹ́ nìkan, tí ẹsẹ̀ bọ́ńpà náà kò bá sì tíì dípẹtà. N kì í lò ó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ṣé ó bá ọkọ̀ yín mu?

Hitch tí wọ́n ṣe fún ọdún àti irú ọkọ̀ yín gan-an ló dára jù. Fún ọkọ̀ àgbà ó lè ṣòroó rí, ẹ ó sì máa rí èyí tí wọ́n pè ní ti gbogbo ọkọ̀, tí apá rẹ̀ ń sún síwá sẹ́yìn. Ó ṣeé lò, bó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ wọ̀n lábẹ́ ọkọ̀ bá a mu, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì kọ orúkọ irú ọkọ̀ yín sínú ìwé rẹ̀. Ẹ béèrè bí ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe gùn tó, irú bọ́ńpà tó gbà, àti bóyá ẹ ó nílò láti lu ihò. Ọkọ̀ àgbà kì í sábà ní ihò tó ti wà nílẹ̀ dè é.

Bí ẹ bá ń lu ihò, ògiri ṣasí tó dúró ni kí ẹ lù, kì í ṣe etí rẹ̀ ti òkè tàbí ti ìsàlẹ̀, nítorí etí yẹn ló ń gba agbára jù nígbà tí ṣasí bá ń tẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní òun á jó hitch mọ́ ṣasí fún yín ní wákàtí kan, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ máa lọ. Iná máa ń sọ irin ṣasí di ẹlẹgẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó jó, ìyà náà kì í sì í hàn lọ́jọ́ yẹn.

Tó bá jẹ́ àlòkù lẹ ń rà, ẹ ki apá sínú ẹnu rẹ̀ kí ẹ mì ín, kí ẹ sì wo ihò píìnì. Tí ihò náà bá ti gùn bí ẹyin dípò kó rí roboto, ẹ dá a padà. Èyí tí bébà rẹ̀ ti bọ́, tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ṣeé kà, n kò ní rà á bó ti wù kó dán tó.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bóòtì

Bóòtì tí wọ́n fi ránṣẹ́ pẹ̀lú hitch ni kí ẹ lò. Tí ọ̀kan bá sọnù, ẹ wo orí èyí tó kù. Ìlà mẹ́ta lórí rẹ̀ túmọ̀ sí Grade 5, mẹ́fà jẹ́ Grade 8, èyí tó lágbára jù. Lórí ti mílímítà, wọ́n á kọ 8.8 tàbí 10.9. Bóòtì tí orí rẹ̀ ṣófo kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ sẹ́yìn nọ́ọ̀tì nínú ṣasí oní-C kí ògiri rẹ̀ má baà tẹ̀ wọlé, kí ẹ sì fi torque wrench, ìyẹn sípánà tó ń fi bí bóòtì ṣe le tó hàn, dì í dé iye tó wà nínú ìwé. Ẹ kun ọ̀dà sí etí gbogbo ihò tuntun kí bóòtì tó wọ̀ ọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Ohun tó so mọ́ hitch

Bọ́ọ̀lù ló máa ń ṣe ènìyàn léṣe jù níbí. Èyí tó wọ́pọ̀ ni íǹṣì méjì, àti èyí tó fi ìdá márùn-ún nínú mẹ́rìndínlógún íǹṣì jù ú lọ. Lójú, wọ́n fẹ́ẹ̀ẹ́ jọra. Mo ti so tírélà tí orí rẹ̀ jẹ́ ti bọ́ọ̀lù ńlá mọ́ bọ́ọ̀lù íǹṣì méjì rí. Ó dún kọ́ọ́, ó tì, mo tilẹ̀ fi ọwọ́ mì ín. Ó dára fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá. Nígbà tí táyà wọ kòtò kan báyìí, mo gbọ́ ohùn irin lórí ọ̀dà títì, mo wo dígí ẹ̀yìn, mo rí i tí ọrùn tírélà ń ta iná lórí ilẹ̀. Ṣéènì méjì tí mo ti fi ṣe àgbélébùú sábẹ́ ọrùn ló dì í mú tí kò fi já kúrò lẹ́yìn ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka nọ́ńbà tí wọ́n kọ sórí bọ́ọ̀lù àti èyí tó wà lórí tírélà jáde lẹ́nu. Lẹ́yìn tí mo bá sì ti tì í, mo máa ń fi jáàkì ọrùn gbé tírélà sókè díẹ̀ láti wò bóyá ẹ̀yìn ọkọ̀ á tẹ̀ lé e. Tó bá tẹ̀ lé e, ó mú un.

Gíga apá ṣe pàtàkì: tírélà gbọ́dọ̀ dúró pẹrẹsẹ. Ẹ wọn láti ilẹ̀ dé òkè inú ẹnu hitch, kí ẹ tún wọn láti ilẹ̀ dé inú orí tírélà nígbà tó bá tẹ́jú. Ìyàtọ̀ àárín wọn ni ẹ ó fi yan apá tó rẹlẹ̀ tàbí tó ga. Sípíríìnì àgbà á tún rì sí i bí ẹrù bá dé, nítorí náà ẹ tún un wò lẹ́yìn tí ẹ bá ti so ó. Fún ẹnu íǹṣì méjì, píìnì tó nípọn tó ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ íǹṣì ló ń lọ síbẹ̀, pẹ̀lú ìdè rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kó bọ́.

Ní ti iná, pulọ́ọ̀gì oníwáyà mẹ́rin tó fún iná ẹ̀yìn, bíréèkì àti ìyíkọ̀. Tírélà tó ní bíréèkì oníná nílò oníwáyà méje, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìdarí bíréèkì níwájú awakọ̀. Ẹ má jẹ́ kí rẹwáyà so iná tírélà mọ́ wáyà iná ẹ̀yìn àtijọ́ tààrà. Kí ó gba iná tuntun láti bátìrì pẹ̀lú fíùsì tirẹ̀, wáyà àtijọ́ yẹn kò lágbára fún iná méjì.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn: Ìrìn àkọ́kọ́

Ẹ fi ìdajì ẹrù lọ, ní ọ̀nà tí ẹ mọ̀, láìsáré. Ẹ tẹ bíréèkì ṣinṣin lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta níbi tí kò sí ọkọ̀ lẹ́yìn yín. Nígbà tí ẹ bá padà délé, tí ọkọ̀ sì ti tutù, ẹ tún wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti torque wrench yẹn. Ẹ wo àyíká orí bóòtì kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀dà bá ti ya yí i ká, tàbí tí ẹ bá rí eruku pupa wẹ́wẹ́ bí ata gígún létí ibi tí irin méjì ti fara kanra, wọ́n ti ń gbọn síra wọn nìyẹn. Ẹ tú u, ẹ nù ún mọ́, ẹ wo ṣasí ibẹ̀ dáadáa, kí ẹ tó tún un dì.